Owó Tí Báǹkì Ń Gé Lórí Àkáǹtì Òwò Kékeré: Bí Ẹ Ó Ṣe Kà Á, Bí Ẹ Ó Ṣe Fi Báǹkì Wéra

"Báǹkì wo ni kò ní máa jẹ owó ọjà mi?" Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu oníṣòwò, láti ọjà Gbági títí dé Bódìjà ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá dárúkọ báǹkì kan fún yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kò tíì bi yín léèrè bí owó yín ṣe ń rìn. Ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Báǹkì tó dẹrùn fún ẹni tó ń ta oúnjẹ ní Sángo, tó ń gba ẹgbẹ̀rún kan, ẹgbẹ̀rún méjì, lè gé ẹni tó ń kó aṣọ ní Gbági dé egungun. Ẹ ka ìrìn owó tiyín ná, kí ẹ tó gbé e ka orí iye tí báǹkì kọ̀ọ̀kan ń gé.

Iye tó wà nínú ìtọ́sọ́nà yìí wá láti inú ìwé ìlànà CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti ọdún 2020 àti àwọn àyípadà tó tẹ̀lé e títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026. Ààlà ni púpọ̀ nínú wọn. Báǹkì lè gbà dín, kò gbọ́dọ̀ gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Sítétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́ta tó tẹ̀léra, ti gbogbo àkáǹtì tí owó ọjà ń gbà kọjá. Bí ẹ bá ń gba owó sí àkáǹtì ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ, ẹ gba tiwọn náà. Èyí tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ sí í-meèlì lóṣooṣù jẹ́ ọ̀fẹ́. Èyí tí ẹ bá lọ tẹ̀ ní ẹ̀ka báǹkì ni wọ́n ń gba owó ojú ìwé lé lórí.
- Àkọsílẹ̀ POS, bí ẹ bá ní ẹ̀rọ náà.
- Ìwé, bírò àláwọ̀ méjì, àti ẹ̀rọ ìṣirò. Fóònù yín tó.

Ẹ má mú oṣù Kejìlá nìkan, ẹ má sì mú oṣù tí Iléyá bọ́ sí nìkan. Ọjà máa ń ru sókè nígbà náà, ìṣirò yín á sì ṣì yín lọ́nà.

Àwọn owó tí wọ́n ń gé, àti ohun tó ń fà wọ́n

*Owó ìtọ́jú àkáǹtì, CAMF.* Èyí ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò mọ̀ rárá, nítorí pé kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú tíráńsífà. Ní ìparí oṣù ni ọ̀pọ̀ báǹkì ń gé e papọ̀. Àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì nìkan ló ní in. Ààlà rẹ̀ ni náírà kan lórí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan tó bá ti ọwọ́ yín jáde lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, tàbí lọ sí àkáǹtì tiyín tó wà ní báǹkì mìíràn. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún jáde, ₦100 ni. Mílíọ̀nù márùn-ún jáde, ₦5,000 ni. Owó tó ń wọlé kì í fà á. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i: bí ẹ bá san owó fún ẹni tí ẹ jọ wà ní báǹkì kan náà, owó tíráńsífà lè má sí, CAMF á ṣì ka owó náà mọ́ tirẹ̀.

*Owó tíráńsífà sí báǹkì mìíràn.* ₦10 títí dé ₦5,000. ₦25 láti ₦5,001 dé ₦50,000. ₦50 fún èyí tó bá ju ₦50,000 lọ. Bó jẹ́ mílíọ̀nù méjì, ₦50 náà ni.

*Owó sítáǹpù.* ₦50 lórí tíráńsífà tó bá tó ₦10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Títí dé ìparí 2025, ẹni tó gba owó ni wọ́n ń gé e lọ́wọ́ rẹ̀, lábẹ́ orúkọ EMTL. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026, òfin owó orí tuntun ti gbé e sí ọrùn ẹni tó fi ránṣẹ́. Owó oṣù òṣìṣẹ́ àti owó tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín nínú báǹkì kan náà kò sí nínú rẹ̀. Ìjọba ló ni owó yìí, kì í ṣe báǹkì, nítorí náà kò sí báǹkì tí ẹ lè sá lọ bá nítorí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá polówó àkáǹtì fún yín pé "kò ní owó sítáǹpù", ẹ bi í pé ta ló ń bá yín san án.

*Owó POS.* Nígbà tí oníbàárà bá fi káàdì sanwó lórí ẹ̀rọ yín, ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ààlà ohun tí wọ́n lè gé lára yín, kò sì gbọ́dọ̀ ju ₦1,000 lọ lórí ọjà kan. Ọjà ₦40,000, ₦200. Ọjà ₦200,000 ni yóò kan ààlà ₦1,000, láti ibẹ̀ lọ kì í gùn sí i mọ́. Ẹ̀yin tó ń tajà ni ẹ ni gbèsè yìí. Ìlànà kò gbà kí ẹ fi kún iye ọjà fún ẹni tó mú káàdì dání.

*SMS.* ₦6 ni lórí álẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan láti oṣù Karùn-ún 2025. ₦4 ni tẹ́lẹ̀. USSD, kóòdù tí ẹ ń tẹ̀ lórí fóònù láti fi owó ránṣẹ́, náà jẹ́ ₦6.98 lẹ́ẹ̀kan, láti oṣù Kẹfà 2025 ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́ lára káàdì ìpè dípò àkáǹtì. Nítorí náà kì í hàn lórí sítétímẹ́ǹtì, ṣùgbọ́n ó ń jẹ yín.

*Káàdì.* Àkáǹtì sáfíǹsì (savings) ń san ₦50 lóṣù mẹ́ta mẹ́ta fún ìtọ́jú káàdì. Kọ́rẹ́ǹtì kì í san án, nítorí pé ó ti ń san CAMF. Bí ẹ bá rí méjèèjì lórí àkáǹtì kan, ẹjọ́ ti dé nìyẹn.

*ATM.* Láti oṣù Kẹta 2025, ti báǹkì yín jẹ́ ọ̀fẹ́. Ti báǹkì mìíràn tó wà nínú ọgbà báǹkì jẹ́ ₦100 lórí ₦20,000. Èyí tó wà níta, bíi ti ilé epo tàbí ilé ìtajà ńlá, lè fi tó ₦500 lé ₦100 náà, ó sì gbọ́dọ̀ fi hàn yín lójú ẹ̀rọ kó tó gé e. Ẹ ka ojú ẹ̀rọ kí ẹ tó tẹ "bẹ́ẹ̀ ni".

*Owó lọ́wọ́ tí ẹ gbà jáde ní báǹkì ju ààlà lọ.* Ẹni kọ̀ọ̀kan lè gba ₦500,000 lọ́sẹ̀ kan, ilé iṣẹ́ mílíọ̀nù 5. Ohun tó bá lé lórí rẹ̀, ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún fún ẹni kọ̀ọ̀kan, ìdá 5 fún ilé iṣẹ́. Kíkó owó wá fi pamọ́ kò ní irú owó yìí mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2026.

Níbí ni àkáǹtì ara ẹni ti ń pa oníṣòwò. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ fẹ́ lọ ra iṣu ní Ṣakí, àgbẹ̀ sì fẹ́ owó lọ́wọ́. Ẹ gba ₦1,500,000 nínú àkáǹtì ara yín: mílíọ̀nù kan ló lé, ìdá 3 rẹ̀ jẹ́ ₦30,000. Ojúlówó iṣu mélòó nìyẹn? Nínú àkáǹtì ilé iṣẹ́, òdo. Ẹ béèrè ní kíkọ sílẹ̀ bóyá báǹkì yín ka orúkọ òwò tí ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, sí ilé iṣẹ́ lórí ààlà yìí, kí ẹ má fi ẹnu ẹni tó wà ní kóńtà ṣe ẹ̀rí.

*VAT.* Owó orí ìjọba ni èyí. Ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, lórí owó iṣẹ́ tí báǹkì gbà nìkan. Bí ẹ bá fi ₦400,000 ránṣẹ́, VAT kì í ṣe lórí ₦400,000. Lórí ₦50 ni, ₦3.75 péré.

Bí ẹ ṣe máa ka sítétímẹ́ǹtì yín

1. Ẹ fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tí ẹ kò fi ọwọ́ ara yín ránṣẹ́ tàbí gbà. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ máa rí níbẹ̀ ni *NIP CHARGE* (owó tíráńsífà), *VAT*, *STAMP DUTY* tàbí *EMTL*, *SMS ALERT*, *ACCT MAINT FEE* tàbí *CAMF*, *CARD MAINT*, *TOKEN* (owó ẹ̀rọ kékeré tó ń fún yín ní nọ́ńbà ìdánilójú).
2. Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, kí ẹ ro ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan pọ̀ lóṣooṣù. VAT kọ̀ọ̀kan kí ó wà pẹ̀lú owó tó bí i.
3. Ẹ fi bírò kejì ka tíráńsífà tó jáde: mélòó ni kò ju ₦5,000 lọ? Mélòó ló wà láàárín ₦5,001 àti ₦50,000? Mélòó ló ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ẹ kọ ọ́ sọ́tọ̀ pé mélòó nínú gbogbo wọn ló tó ₦10,000.
4. Ẹ ro gbogbo owó tó jáde lóṣù náà pọ̀. Èyí ni ẹ máa fi mọ CAMF.
5. Ẹ kọ iye owó káàdì tó gba orí POS wọlé, kí ẹ kọ èyí tó wá nípa tíráńsífà lọ́tọ̀.
6. Ẹ ka álẹ́ẹ̀tì: iye ìgbà tí owó wọlé, kún iye ìgbà tó jáde.
7. Ẹ pín oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí mẹ́ta. Ohun tó bá bọ́ síbẹ̀ ni oṣù kan yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni àwọn ènìyàn máa ń fò, torí pé ó gba sùúrù. Láìsí i, ẹ kò lè fi báǹkì kankan wé èkejì, àfi kí ẹ máa fi orúkọ wé orúkọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan papọ̀

Ẹ mú ẹni tó ń ta èròjà oúnjẹ ní Bódìjà. Lóṣù kan, owó tó jáde lápapọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 3, ní tíráńsífà 40 sí báǹkì mìíràn: 12 kò ju ₦5,000 lọ, 18 wà láàárín, 10 ju ₦50,000 lọ, 24 nínú wọn tó ₦10,000. Owó wọlé nígbà 90. Káàdì tó gba POS wọlé jẹ́ ₦1,200,000, kò sí ọjà kankan tó kan ààlà ₦1,000.

Lórí àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì tó gba gbogbo ààlà:

- CAMF: ₦3,000, VAT rẹ̀ ₦225. Àpapọ̀ ₦3,225.
- Tíráńsífà: ₦120 + ₦450 + ₦500 = ₦1,070. VAT ₦80.25. Àpapọ̀ ₦1,150.25.
- Sítáǹpù: 24 × ₦50 = ₦1,200.
- SMS: 130 × ₦6 = ₦780.
- POS: ₦6,000.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦12,355.25 lóṣù.

Ẹ wò ó dáadáa. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ bínú lọ sí báǹkì ni SMS, nítorí pé òun ló ń dún létí wọn lójoojúmọ́. ₦780 péré ni. POS tí kò pariwo ló kó nǹkan bí ìdajì lọ, CAMF sì tẹ̀lé e. Bí oníṣòwò yìí bá sọ fún ìdajì àwọn tó ń lo káàdì pé kí wọ́n kúkú fi tíráńsífà sanwó, ₦3,000 ló ti padà sápò. Ó sàn ju kó kó kúrò ní báǹkì nítorí SMS lọ.

Ẹ wá gbé ìrìn owó kan náà ka àkáǹtì orí fóònù tí kò ní CAMF, tí álẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń wá lórí áàpù lọ́fẹ̀ẹ́. Ká ní ₦20 ló ń gbà lórí tíráńsífà kọ̀ọ̀kan, VAT nínú rẹ̀: ₦800. Sítáǹpù ò yí padà, ₦1,200. POS náà ò yí padà, ₦6,000. Ó di ₦8,000. Ìyàtọ̀ jẹ́ ₦4,355.25 lóṣù.

Ṣé kí gbogbo ènìyàn wá kó lọ síbẹ̀ ni? Ẹ dúró ná. Ohun mẹ́ta wà tí ìṣirò yìí kò gbé.

Àkọ́kọ́ ni ìdáàbòbò NDIC, àjọ tó ń dáàbò bo owó tí ènìyàn fi sí báǹkì. Bí báǹkì bá wó, ààlà ohun tí wọ́n á san padà fún yín jẹ́ mílíọ̀nù 5 ní báǹkì ńlá, mílíọ̀nù 2 ní báǹkì oníṣòwò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní microfinance. Ọ̀pọ̀ àkáǹtì orí fóònù ló wà lábẹ́ ìwé àṣẹ microfinance. Ẹ béèrè irú ìwé àṣẹ tí wọ́n ní kí ẹ tó fi owó ọjà odidi ọdún síbẹ̀.

Ìkejì ni owó lọ́wọ́ àti ìwé sọ̀wédowó. Bí ọjà yín bá ń wá láti oko, tàbí tí ẹ ń gba kọ́ńtíráàtì lọ́dọ̀ ìjọba, ẹ̀ka báǹkì tó ní ilẹ̀kùn ṣì wúlò.

Ìkẹta ni ẹ̀yáwó. Báǹkì ń wo bí owó ṣe ń kọjá lọ́dọ̀ tirẹ̀ kó tó yá ènìyàn lówó. Àkáǹtì tí ẹ ti kó gbogbo owó kúrò nínú rẹ̀ kò ní ìtàn tó lè sọ fún wọn.

Fún òwò tó jọ ti Bódìjà yìí, lílo àkáǹtì méjì ló dára jù lójú wa: ọ̀kan tí kò ní CAMF fún ọjà ojoojúmọ́ àti sísan owó ọjà, kọ́rẹ́ǹtì kan fún owó lọ́wọ́ àti ẹ̀yáwó. Ṣùgbọ́n pàkúté kan wà níbẹ̀. Bí owó POS bá kọ́kọ́ bọ́ sí kọ́rẹ́ǹtì, tí ẹ wá ń ti ibẹ̀ fi í ránṣẹ́ sí àkáǹtì kejì, CAMF á gé e lójú ọ̀nà, torí pé owó tó lọ sí àkáǹtì tiyín ní báǹkì mìíràn wà nínú ohun tó ń kà. Mílíọ̀nù 3 bẹ́ẹ̀ á jẹ ₦3,225 láìtíì san owó ọjà kankan. Ẹ jẹ́ kí owó bọ́ tààrà sí àkáǹtì tí ẹ máa ti ná an.

Ìbéèrè tí ẹ máa mú lọ sí báǹkì

Ẹ lọ sí báǹkì mẹ́ta, ó kéré tán. Dúgbẹ̀ àti Iwó Road rọrùn fún èyí, ẹ̀ka pọ̀ níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ lè gbé yín dé ní òwúrọ̀ kan. Ẹ má béèrè pé "ẹ̀ ń gé owó púpọ̀ bí?" Wọ́n á ní rárá. Ẹ béèrè báyìí:

- Eélòó ni CAMF lórí ẹgbẹ̀rún kan nínú irú àkáǹtì yìí, ṣé ẹ lè dín in kù fún ẹni tí owó rẹ̀ ń jáde tó báyìí?
- Ṣé irú àkáǹtì kan wà fún òwò kékeré tó ń gba iye kan pàtó lóṣù dípò CAMF? Bó bá wà, iye wo ni owó mi kò gbọ́dọ̀ bọ́ sábẹ́ rẹ̀?
- Tíráńsífà mélòó ni ọ̀fẹ́ lóṣù? Lẹ́yìn náà ńkọ́?
- Ìgbà wo ni owó POS ń wọlé, lọ́jọ́ náà ni àbí ọjọ́ kejì? Eélòó ni wọ́n ń gé lórí owó tí oníbàárà bá fi tíráńsífà san sí nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ?
- Ṣé ẹ máa gba ẹ̀rọ POS padà bí owó tó ń gba orí rẹ̀ kọjá bá kéré?
- Eélòó ni tókìnì? Ṣé ti orí fóònù wà lọ́fẹ̀ẹ́?

Ẹ kọ ìdáhùn sí ìwé kan náà, báǹkì kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀, kí ẹ wá fi iye oṣù yín ṣe ìṣirò bí a ti ṣe ti Bódìjà. Iye tó bá wà ní ìsàlẹ̀ ni ẹ máa fi wéra, kì í ṣe ìlà kan ṣoṣo. Ibi tí "tíráńsífà ọ̀fẹ́" wà ni owó POS ti sábà máa ń farapamọ́.

Bí ẹ bá pinnu láti ṣí àkáǹtì òwò, àwọn ìwé tí wọ́n sábà máa ń béèrè nìyí: ìwé ẹ̀rí CAC, nọ́ńbà owó orí, BVN àti NIN, fọ́tò, ìwé iná IBEDC tàbí irú rẹ̀ tó fi àdírẹ́sì hàn, àti onígbọ̀wọ́ méjì tó ní àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì. Onígbọ̀wọ́ ló máa ń fa ìdádúró jù, torí pé èyí tó ní sáfíǹsì nìkan kò ní wúlò. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

*Gígé tíráńsífà sí wẹ́wẹ́ láti sá fún sítáǹpù.* Ẹ fẹ́ fi ₦30,000 ránṣẹ́. Lẹ́ẹ̀kan: ₦25, VAT ₦1.88, sítáǹpù ₦50, ó jẹ́ ₦76.88. Ẹ gé e sí ₦9,900 mẹ́ta àti ₦300 kan: ₦85, VAT ₦6.38, ó jẹ́ ₦91.38, SMS mẹ́rin tún dípò ọ̀kan. Ẹ sá fún ₦50, ẹ san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí ₦15,000 tí ẹ gé sí méjì, èrè wà níbẹ̀ lóòótọ́, nǹkan bí ₦17 lẹ́yìn SMS kejì. Ẹni tó bá ní àyè bẹ́ẹ̀ kó máa ṣe é.

*Sísan owó ọjà lójoojúmọ́ fún ẹnì kan náà.* ₦20,000 lọ́jọ́ mẹ́fà sí báǹkì mìíràn, pẹ̀lú VAT àti sítáǹpù, jẹ́ ₦461.25. ₦120,000 lẹ́ẹ̀kan ní Sátidé jẹ́ ₦103.75. Bí ẹni tó ń fún yín lọ́jà bá gbà á lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ₦357.50 ti padà sápò yín lórí ẹnì kan ṣoṣo. CAMF kò yí padà nínú méjèèjì, torí pé iye owó ló ń wò, kì í wo iye ìgbà.

*Pípa SMS láìfi nǹkan rọ́pò rẹ̀.* Báǹkì á ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé pé bí olè bá wọlé, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ fi í-meèlì tàbí álẹ́ẹ̀tì áàpù rọ́pò rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí ọmọ ọjà yín bá ń fi SMS yín mọ̀ pé oníbàárà ti sanwó, ẹ má pa á rárá. Ayédèrú álẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo á ná yín ju SMS ọdún kan lọ.

*Fífi owó ìpamọ́ sínú sáfíǹsì tí ẹ tún ń fà.* Bí ẹ bá gba owó nínú rẹ̀ ju ìgbà mẹ́rin lọ lóṣù, èlé oṣù náà ti lọ. Ẹ ya sáfíǹsì ìpamọ́ sọ́tọ̀ sí ti ìná.

*Gbígba ọjà ńlá ní wẹ́wẹ́ lórí POS.* Oníbàárà fẹ́ san ₦600,000. Lẹ́ẹ̀kan, ₦1,000 ni. Ní ₦200,000 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ₦3,000. Bí ààlà káàdì rẹ̀ kò bá gbà á lẹ́ẹ̀kan, kó fi tíráńsífà sanwó.

Bí ẹ ṣe máa bẹ báǹkì kí CAMF dín kù

Ìwé ìlànà CBN pe CAMF ní ohun tí ẹ̀yin àti báǹkì lè jọ sọ. ₦1 ni òkè rẹ̀, kò sọ pé kò lè wálẹ̀. Ẹni tí kò béèrè ni wọ́n ń gba òkè lọ́wọ́ rẹ̀.

1. Ẹ ro iye tó jáde ní oṣù mẹ́fà tó kọjá.
2. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú sí máníjà ẹ̀ka. Ẹ sọ iye náà, kí ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́, bíi kọ́bọ̀ 50 lórí ẹgbẹ̀rún.
3. Ẹ mú iye tí báǹkì mìíràn sọ fún yín dání, ẹ má fi halẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ohun tí wọ́n ní àwọn lè ṣe fún mi nìyí" tó.
4. Ẹ gba ìdáhùn ní ìwé tàbí í-meèlì. Bí máníjà bá yí padà, ọ̀rọ̀ ẹnu á bá a lọ.
5. Ẹ wo sítétímẹ́ǹtì oṣù tó tẹ̀lé e bóyá ó ti yí padà lóòótọ́.

Fún oníṣòwò Bódìjà wa, kọ́bọ̀ 50 á sọ ₦3,225 di ₦1,612.50. Lọ́dún kan, ₦19,350 ló kù sọ́wọ́.

Bí báǹkì bá gé ju bó ṣe yẹ lọ

1. Ẹ kọ ọjọ́, iye, ọ̀rọ̀ tó wà lórí sítétímẹ́ǹtì àti iye tó yẹ kó jẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ̀ ń gé owó mi" kò tó, "ọjọ́ báyìí, ₦53.75 lórí tíráńsífà ₦30,000 tó yẹ kó jẹ́ ₦26.88" ni wọn ò lè sá fún.
2. Ẹ mú un lọ sí ẹ̀ka yín, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Láìsí nọ́ńbà yìí, bí ẹni pé ẹ kò wá ni.
3. Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì.
4. Bí kò bá sí ìdáhùn, tàbí tí ìdáhùn kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka ìdáàbòbò oníbàárà ní CBN, cpd@cbn.gov.ng, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀sùn àti ẹ̀dà sítétímẹ́ǹtì. Ẹni tó bá fẹ́ mú ìwé lọ fúnra rẹ̀, CBN ní ẹ̀ka ní Dúgbẹ̀.

Ẹ yẹ VAT wò kí ẹ tó lọ. Púpọ̀ nínú ẹ̀sùn tó ń já sófo ló jẹ́ pé owó tí wọ́n pè ní àjẹjù jẹ́ VAT, tàbí sítáǹpù tí wọ́n ròpọ̀ mọ́ owó tíráńsífà. Ẹ tún ìṣirò yìí ṣe ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, àti nígbàkígbà tí báǹkì bá fi í-meèlì gígùn kan ránṣẹ́ nípa "àtúnṣe iye owó iṣẹ́".